Ìgbéyàwó Kí Oòrùn Tó Wọ̀

Fọlárìn kò mọ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Ọkùnrin tó ga, tó lẹ́wà, tó kàwé dójú àmì, ẹ ní kó dọ̀bálẹ̀, á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ bí obìnrin, á fi ìgúnpá méjèèjì lélẹ̀, á wá máa fi àyà wá ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní ọjọ́ eré gan-an, nígbà tí èrò ti kún gbàgede, tí Ọ̀gá Àkàngbé ń pariwo lẹ́yìn aṣọ ìkélé pé oòrùn kì í dúró de ẹnikẹ́ni, mo ṣì wà níbẹ̀ tí mò ń kọ́ ọ.

"Má rò ó," mo ní fún un. "Ṣáà ju ara rẹ sílẹ̀. Ilẹ̀ á gbà ọ́."

"Ilẹ̀ ọ̀dọ̀ yín gbóná, Ìbí."

"Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ṣé o fẹ́ fẹ́ mi àbí o ò fẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ balẹ̀ kí àyà rẹ̀ tó balẹ̀. Mo ní ó ti ń bọ̀ nìyẹn, ó kù díẹ̀. Nígbà tó dìde, ẹ̀wù tútù ọrùn rẹ̀ ń kùn jẹ́jẹ́ bí oyin tó wà nínú igbá, atẹ́gùn tó ń ti ara rẹ̀ jáde sì ń fẹ́ sí mi lọ́wọ́. Gbogbo ọmọ Ibòji ló ní ẹ̀wù bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́ fún wọn, bí wọ́n ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ náà ni wọ́n sì ń kú sí.

Èmi ò ní ẹ̀wù tútù. Èmi Ìbídùn, ọmọ àwọn tó ń nu ojú sólà, Gbangba ni wọ́n bí mi sí, Gbangba ni mo gbé dàgbà. Orí òrùlé ni a máa ń wà láti ìdájí títí oòrùn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta ènìyàn, ìgbà náà la ó tó sá wọ ihò abẹ́ ilẹ̀ lọ sùn di ìrọ̀lẹ́. Iná tó ń jáde lára sólà tí à ń nù yẹn ló ń mú kí Agboòrùn máa tutù, ìyẹn òrùlé ńlá gbàgàdà tó na apá bo ìdajì ìlú wa, tí àwọn ará Ibòji ń gbé lábẹ́ rẹ̀. Mi ò sọ ọ́ láti fi ráhùn o. Bí mo ṣe bá ayé nìyẹn, mo sì ti fi ojú ara mi rí i pé awọ ara tiwa le ju tiwọn lọ.

Kò tíì pẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì eré náà tí Fọlárìn bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó ní kí n wọ̀ ọ́ wò. Ó rí i pé mò ń làágùn, àánú mi ṣe é. Bí ẹ̀wù náà ṣe kan ara mi báyìí ló dákẹ́ pẹ́ẹ́. Ó gbà á, ó wọ̀ ọ́ padà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ojú tì í débi pé kò lè wò mí mọ́. Èmi ni mo wá ń tù ú nínú, mo ní kó fi ẹ̀wù sílẹ̀ jàre, ẹ̀wù ò ṣẹ̀ mí, ó kàn mọ ẹni tó ni ín ni. Ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé mo máa fẹ́ ọkùnrin yìí. Ẹni tí ojú lè tì lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ènìyàn gidi ni.

Ọ̀gá Àkàngbé fa aṣọ ìkélé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó yọjú sí wa. Òun ni olórí ẹgbẹ́ òṣèré ìlú wa, ọkùnrin kúkúrú tó jẹ́ pé ohùn rẹ̀ nìkan ló ga. Ó ní ṣé a rántí ètò. Ọdọọdún ló ń béèrè, ọdọọdún ni wọ́n sì ń fún un ní èsì kan náà, àwa náà fún un: ìran kejì ni ìgbéyàwó, ìran kẹta ni ikú, àwa méjèèjì la máa kú, kí oòrùn tó wọ̀. Ó fi àgbọ̀n júwe òkè pèpéle, níbi tí Ẹlẹ́rìí wà, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ fún òfin, tó fi okùn irin rọ̀ sísàlẹ̀, tó rí roboto bí ìdí ìkòkò, tí ojú gíláàsì rẹ̀ kan ṣoṣo kì í ṣẹ́.

"Ojú yẹn ò mọ eré," ó ní. "Ohun tó bá ti gbọ́, ó ti gbọ́ ọ nìyẹn."

Ta ni kò mọ̀? Ọmọ bíbí, ìgbéyàwó àti ikú, ohun mẹ́ta yìí ni Ẹlẹ́rìí ń dúró gbọ́ níbi gbogbo. Bí ọmọ Ibòji àti ọmọ Gbangba bá jọ na ọwọ́ síwájú Ẹlẹ́rìí kóòtù, "Rárá" ni yóò sọ, kò sì ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pa á láṣẹ fún ti gbàgede pé kò gbọdọ̀ bi òṣèré léèrè ibi tó ti wá, nítorí pé Eré Ọdún ò lè ṣe é ṣe láìjẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibòji ló ń mú ọkọ wá, Gbangba ló ń mú ìyàwó wá, kí ìlú lè jókòó lójú kan náà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí gbogbo wa sì lè fi ojú wa rí ibi tí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbé ènìyàn lọ. Nítorí náà, ìyàwó tí a bá gbé lórí pèpéle yẹn, ìyàwó tòótọ́ ni. Ikú àwọn méjèèjì lórí pèpéle kan náà, kí oòrùn tó wọ̀, nìkan ló ń tú u. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí eré kankan ní ìlú wa tí ìyàwó wà nínú rẹ̀ tó dùn parí. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó lọ wo eré tí wọ́n fi ajá ṣe.

Àfi ọdún tí òkú sín. Ẹ̀gbọ́n Rántí ni ọkọ lọ́dún náà, ọmọ Ibòji tó ń fi òórùn dídùn para. Ó ti mu ife ikú, ó ti sùn gbalaja, ìyàwó náà ti gún ara rẹ̀ lọ́bẹ, ó ti ṣubú. Eruku wá kó sí òkú nímú. Ó sín lẹ́ẹ̀kan, ó tún sín, gbogbo gbàgede bú sẹ́rìn-ín, kí ẹ̀rín tó parí oòrùn ti wọ̀. Òkú tó bá ti lè fọhùn, alààyè ni lójú Ẹlẹ́rìí. Báyìí ni Ẹ̀gbọ́n Rántí ṣe di ọkọ ọmọbìnrin tí kò mọ orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn eré. Òfin sì ni pé ẹni tó wà nípò gíga ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí Gbangba. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, ó wá dákẹ́ nígbà tó rẹ̀ ẹ́. Lónìí ó ti dúdú, ó ti sanra, ó ti bímọ mẹ́rin, orí òrùlé ló ti máa ń kọrin tí gbogbo àdúgbò á gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní bí wọ́n bá kó Agboòrùn odidi fóun, òun ò ní fi í ṣe pàṣípààrọ̀.

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Àdéhùn tèmi àti Fọlárìn ò le rárá. Tí wọ́n bá gbé ife ikú fún un, á gbé e, á wò ó, á dà á sílẹ̀. Ó tán. A ó wá di ọwọ́ ara wa mú, a ó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, kí Ọ̀gá Àkàngbé máa pariwo títí tó bá wù ú. Mo ti gbá ihò kan sílẹ̀ fún wa, èyí tó jinlẹ̀ jù nínú tiwa, tí omi máa ń sun lára ògiri rẹ̀. Mo ti tẹ́ ẹní tuntun. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí kò tíì ṣe ni pé kò sọ fún ìyá rẹ̀. Ó ní ìyá òun kì í wo eré, ó ní eruku gbàgede pọ̀ jù fún un, kó tó gbọ́, ohun gbogbo á ti bùṣe. Mo ní kò burú. Ọkàn mi balẹ̀ bí ọkàn ẹni tó ti jẹun yó.

Wọ́n ṣí aṣọ ìkélé.

Ẹnu ààlà gan-an ni pèpéle wa wà. Etí Agboòrùn dópin lókè rẹ̀, ìlà ibòji wá gé e sí méjì, ìdajì dúdú, ìdajì mọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni èrò ìwòran pín: àwọn ará Ibòji nínú ibòji lórí àga onítìmùtìmù, àwa lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì lórí ilẹ̀ nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, aṣọ lórí, ọmọ lẹ́yìn. Ìyá mi jókòó níwájú pátápátá. Òun náà ò mọ̀. Mo fẹ́ kó rí i kó tó gbọ́ ọ.

Ìran kìíní lọ bí omi. Nígbà tó kan ìgbéyàwó, àwọn méjì tó ń ṣe bàbá àti ìyá mi nínú eré jókòó nínú oòrùn. Ìlànà àtọdúnmọ́dún ni pé ọkọ á dúró nínú ibòji tirẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹní fún un létí ìlà, á fi àyà kan ẹní náà fẹ́rẹ́, á dìde. Fọlárìn wo ẹní yẹn, ó kọjá lára rẹ̀. Ó kọjá ìlà. Ó rìn wọ inú oòrùn, ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja níwájú àwọn òbí mi inú eré, àyà balẹ̀, ikùn balẹ̀, orúnkún balẹ̀, eruku sọ.

Mi ò rí i kó dọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo Gbangba dìde dúró. Ẹ̀gbọ́n Rántí fi ìka méjì súfèé. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ọ̀rọ̀ tó kàn, ìyá orí ìtàgé ló fi ìgúnpá gún mi. Wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ mi, ó ní òun fẹ́ mi. Wọ́n bi mí, mo ní mo fẹ́ ẹ. Àwọn méjèèjì ní àwọn gbà.

"Mo gbọ́," Ẹlẹ́rìí ní.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn ò lè gbọ́, nítorí ẹ̀gbẹ́ Fọlárìn ni mo dúró sí. Ẹ̀wù tútù rẹ̀ dákẹ́. Ó fi ọwọ́ kan àyà bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpò. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn, ó ti di tèmi, ẹ̀wù pàápàá ti jẹ́rìí sí i. Mi ò rò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò wọ irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ rí, kí ló fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀?

Ilé ìyàwó ni ìran kẹta wà, inú oòrùn sì ni ilé ìyàwó. Ọkọ á wá bá aya rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á sọ̀rọ̀ ìfẹ́ pẹ́ títí, ìránṣẹ́ bàbá ọkọ á wá gbé ife ikú dé. A bẹ̀rẹ̀. Fọlárìn ń sọ̀rọ̀, òógùn ń jáde níwájú orí rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé eré ni, mo ní ọmọ yìí ti di àgbà òṣèré lójijì. Òógùn yẹn wá di omi. Ó ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀, ó ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó sì ń ṣẹ́jú sí i pẹ̀lú ìyàlẹ́nu bí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ da omi sí lórí. Kò làágùn rí láyé rẹ̀. Ó ń gé ọ̀rọ̀ kù. Ibi tó yẹ kó ti yìn mí láti orí dé ẹsẹ̀, ọrùn ló ti dúró.

Mo rọra sún mọ́ ọn bíi pé mo fẹ́ gbá a mọ́ra, mo sọ ọ́ sí i létí pé kó mí sínú, kó mí síta, ó máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn, bó ṣe ń ṣe gbogbo wa nìyẹn. Ó ní òun ò rí atẹ́gùn. Mo ní ó wà níbẹ̀, kó ṣe sùúrù, oòrùn ò ní pẹ́ wọ̀ mọ́.

Àsìkò yẹn ni rúgúdù díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú ibòji. Àwọn tó jókòó níwájú ń sún fún obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, obìnrin gíga tó wọ aṣọ funfun, tí ojú rẹ̀ àti ojú Fọlárìn jẹ́ ojú kan náà. Mi ò rí i rí, ṣùgbọ́n kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ìyá rẹ̀ ni. Mi ò mọ ẹni tó lọ pè é, ó sì lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ ìyá nìkan ló gbé e wá. Kò tíì jókòó tán tó ti rí òógùn lójú ọmọ rẹ̀. Ó gbàgbé láti jókòó.

Fọlárìn náà rí i. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú á wo ẹ̀yìn. Ọkọ mi wo iwájú, ó wo ìyá rẹ̀, kò wò mí.

Ìránṣẹ́ gbé ife dé. Omi ewúro ni, ó tutù, inú ibòji ni wọ́n máa ń gbé e sí tẹ́lẹ̀, ara ife ń sun omi. Láti kékeré ni mo ti ń jókòó ní ẹ̀gbẹ́ Gbangba wo eré yìí, ohun tí àwọn àgbà wa sì máa ń yìn jù ni bí ọkọ ṣe máa ń yára mu ife náà. Wọ́n á ní ẹ wò ó, ẹ wo bó ṣe ń sáré kú nítorí ìfẹ́. Èmi náà ti yìn ín rí. Mo ti sunkún nítorí rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ náà ni mo tó sún mọ́ ọn tó láti rí ojú ẹni tó ń mu ún, mo wá mọ̀ pé ooru ni gbogbo wọn ń sá fún láti ọdún wọ̀nyí wá.

Ó gbé ife náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo ní, "Dà á sílẹ̀." Ó mu ún. Ó mu ún tán, ó tún fi ahọ́n lá etí ife. Ó ní "Mo ti relé," bí òkú ṣe gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí Ẹlẹ́rìí lè gbọ́, ó sì sùn kalẹ̀.

"Mo gbọ́," Ẹlẹ́rìí ní.

Inú bí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi tutù nínú oòrùn. Oòrùn ti lọ sílẹ̀ pátápátá, ó kù díẹ̀ kó fara kan òkè, ọ̀bẹ ikú sì wà lọ́wọ́ mi, ọ̀bẹ igi tí wọ́n fi eérú kùn, tí kò lè gé iṣu bíbọ̀. Tí mo bá fi gún ara mi, tí mo bá ní mo ti relé, a ti kú tán nìyẹn, Ẹlẹ́rìí á ní eré parí, ìgbéyàwó ti tú, Fọlárìn á dìde, ẹ̀wù rẹ̀ á máa kùn lọ. Tí mi ò bá gún ara mi, tí oòrùn wọ̀ láìjẹ́ pé eré parí, òkú ni Fọlárìn. Òkú lójú gbogbo Ẹlẹ́rìí tó wà nílùú. Kò sí ilẹ̀kùn Ibòji kankan tó máa ṣí fún un mọ́, kò sí ẹ̀wù tó máa kùn lára rẹ̀. Èmi á di opó ọkùnrin tó ń mí. Ọ̀dọ̀ mi nìkan ló máa rí sá sí.

Mo rò ó. Mi ò ní purọ́, ó dùn lẹ́nu mi.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣì wà tó dára ju ìyẹn lọ, ọwọ́ rẹ̀ ló sì wà. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi. Ọ̀rọ̀ ìwé eré parí níbẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Ọ̀gá Àkàngbé ń wúkọ́ kó lè rán mi létí, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo gbé ohùn sókè kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́ mi.

"Fọlárìn," mo ní. Kì í ṣe orúkọ inú eré. "Mo mọ̀ pé ò ń gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́. Kò ní láti jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá. Tó bá wù ọ́, sín."

Gbangba rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín Ẹ̀gbọ́n Rántí láàárín wọn, ó ga ju ti gbogbo wọn lọ, lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó dá dúró lójijì. Òun ló kọ́kọ́ yé.

Mo dúró. Mo da ojú mi bò ó kí oòrùn má bàa kàn án. Omi ń jáde létí ojú rẹ̀ méjèèjì, mi ò lè sọ bóyá òógùn ni àbí ẹkún, bóyá òun náà ò mọ̀. Ó ń mí, kò mí gba imú. Ó la ẹnu díẹ̀, ó ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ mí gba ibẹ̀, bí ẹni tó ń ṣọ́ imú rẹ̀ kó má bàa ṣèèṣì sín. Ẹni tí mo rò pé ooru ti dà lórí rú, ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ìyá rẹ̀ kọjá ìlà. Mo rí òjìji rẹ̀ kí n tó rí òun fúnra rẹ̀. Bó ṣe wọ inú oòrùn, ẹ̀wù tútù tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn kíkankíkan, ó ń pariwo bí ẹ̀rọ ata. Àwọn èrò rò pé ó wà nínú eré, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó dé iwájú mi, ó kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì nínú eruku tó ń jó ni lẹ́sẹ̀, obìnrin Ibòji níwájú ọmọ anusólà. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀.

"Ìyàwó mi," ó ní. "Ọmọ mi ń jóná. Jọ̀wọ́, kú."

Láti ìgbà tí mo ti mọ Fọlárìn ni mo ti ń ronú ọjọ́ tí obìnrin yìí máa pè mí ní ìyàwó rẹ̀. Mo ti rò ó lórí òrùlé, mo ti rò ó nínú ihò, mo ti mọ ohun tí mo máa fi dá a lóhùn. Ó pè mí báyìí, ó pè mí tọkàntọkàn, gbogbo ìlú sì gbọ́. Mo wo ojú rẹ̀, kò sí ìgbéraga kankan níbẹ̀. Bí ojú ìyá mi ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ tí ooru mú àbúrò mi lórí òrùlé tó dákú. Ìyá ni ìyá. Mi ò bínú sí i.

Mo wá wo ẹni tó wà lórí itan mi. Mo bi ara mi pé ẹni tí kò lè sín fún mi lẹ́ẹ̀kan, báwo ló ṣe máa bá mi gbé títí orí wa á fi funfun? Ẹ̀gbọ́n Rántí ò yàn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè kó kọ̀. Mo bi tèmi, ó kọ̀. Bí mo bá fi òfin mú un bí ẹni fi tàkúté mú òkété, òkété ni màá gbé lọ sílé. Èmi ni màá máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, òun á sì máa wo Agboòrùn lọ́ọ̀ọ́kán. Èmi Ìbídùn? Mo níyì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Awọ ara mi le.

Mo rọra gbé orí rẹ̀ sílẹ̀. Mo dìde dúró, mo nu itan mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ìyàwó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò fo ìkankan, mi ò yára, mo sọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́. Gbogbo ìyàwó tó ti kú lórí pèpéle yẹn rí, kò sí èyí tó kú dáadáa tó mi. Àwọn ará Gbangba ṣì ń sọ ọ́ títí di òní. Wọ́n rò pé ọkọ ni mo bá lọ. Ọ̀bẹ igi tí kò lè gé iṣu yẹn ni mo fi kọ ọkọ mi sílẹ̀.

Mo ní, "Mo ti relé." Mo ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Mo gbọ́," Ẹlẹ́rìí ní. "Eré parí. Ìgbéyàwó ti tú."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, ẹ̀wù tútù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Atẹ́gùn rẹ̀ fẹ́ sí mi lápá. Fọlárìn sì mí, ó fi imú mí, èémí gígùn kan láti ìsàlẹ̀ ikùn wá, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Ó ti bá mi sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ púpọ̀, èyí tó wà nínú eré àti èyí tí kò sí níbẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ tó èémí yẹn.

Oòrùn wọ̀. Ìlà tó wà láàárín pèpéle parẹ́, èrò ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń nu ojú, Ọ̀gá Àkàngbé ń sunkún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òkú kankan ò sín. Fọlárìn dìde jókòó. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Ìbí." Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá rí i sọ báyìí.

Mo kọjá lára rẹ̀, nítorí mo rí i pé ìyá rẹ̀ ṣì wà níbi tó kúnlẹ̀ sí. Kì í wo eré, kò mọ bó ṣe ń parí. Ó di ojú, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, ó ṣì ń bẹ̀ mí wúyẹ́wúyẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ìgúnpá rẹ̀ mú.

"Ẹ dìde, mà," mo ní. "Mo ti kú."